Bí Òbí Ṣe Lè Dènà Kí Ìbọn Bọ́ Sọ́wọ́ Ọmọ

Ìbọn tó wà nínú ilé tí ọmọ ń gbé kì í ṣe ẹrù ọmọ náà. Ẹrù àgbà tó gbé e wọlé ni. Orí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ni gbogbo àlàyé tó wà nísàlẹ̀ yìí dúró lé, nítorí pé ibi tí ọ̀pọ̀ òbí ti ń ṣì í ni pé wọ́n ń gbé ìṣọ́ra lé ọmọ lórí: wọ́n ti kìlọ̀ fún un, ó ti ní òun gbọ́, ọkàn wọn sì ti balẹ̀. Ìkìlọ̀ dára, a ó sì dé orí rẹ̀, ṣùgbọ́n àgádágodo ló ń ṣáájú ìkìlọ̀. Ọmọ tó gbọ́ràn lánàá lè gbàgbé lónìí, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wá bá a ṣeré sì lè má gbọ́ ìkìlọ̀ yín rí, àmọ́ àpótí irin tí a tì pa kò ní ṣí fún èyí tó gbọ́ràn tàbí èyí tí kò gbọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ìdẹ́rùbà lásán. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí ìbọn ti pọ̀ lọ́wọ́ ará ìlú ju orílẹ̀-èdè yòókù lọ, láti ọdún 2020 ni ìbọn ti ń pa àwọn ọmọ àti ọ̀dọ́langba tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 1 sí 19 ju ìjàǹbá ọkọ̀ lọ. Apá kan nínú ikú wọ̀nyí jẹ́ ti ìpànìyàn, apá kan jẹ́ ti àwọn ọmọ tó fọwọ́ ara wọn gba ẹ̀mí ara wọn, apá kan sì jẹ́ ti àwọn ọmọ kéékèèké tó rí ìbọn níbi tí àgbà gbé e sí, tí wọ́n mú un wò, tí ó sì dún. Àwọn tí mo dárúkọ gbẹ̀yìn yìí ló kéré jù ní iye, síbẹ̀ àwọn gan-an ni kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo ìbá ti gbà là.

Àwọn oníṣègùn kan ní Amẹ́ríkà ṣe ìdánwò kan tí àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2001. Wọ́n kó ọmọkùnrin 64, tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún 8 sí 12, ní ẹgbẹ́ kéékèèké sínú yàrá kan tí wọ́n ti fi ìbọn pélébé gidi pamọ́ sínú àpótí tábìlì. Ìbọn náà kò ní ọta, àwọn olùwádìí sì ń wo àwọn ọmọ náà láti ẹ̀yìn dígí. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ẹgbẹ́ náà rí ìbọn yìí láìpẹ́. Nínú àwọn ẹgbẹ́ tó rí i, èyí tó pọ̀ jù ló gbé e, nínú nǹkan bí ìdajì wọn sì ni ọmọ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ti fa tírígà, ìyẹn irin kékeré tí ìka ń fà kí ìbọn tó dún. Ohun tó yẹ kí òbí fi sọ́kàn jù ni pé nínú àwọn ọmọ tó gbé ìbọn náà tàbí tó fa tírígà rẹ̀, ó lé ní ìpín 90 nínú ọgọ́rùn-ún tí ẹnì kan ti kọ́ ní ẹ̀kọ́ nípa ìbọn tẹ́lẹ̀. Wọn kì í ṣe ọmọ burúkú. Ọmọdé ni wọ́n.

Ìwádìí mìíràn tó jáde ní ọdún 2006 bi òbí àti ọmọ ní ìbéèrè kan náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Nínú àwọn òbí tó sọ pé ọmọ àwọn kò mọ ibi tí ìbọn wà, ìpín 39 nínú ọgọ́rùn-ún ni ọmọ wọn sọ pé òun mọ ibẹ̀. Nínú àwọn tó sì sọ pé ọmọ àwọn kò fọwọ́ kan ìbọn ilé rí, ìpín 22 nínú ọgọ́rùn-ún ni ọmọ wọn sọ pé òun ti gbé e rí. Ẹni tó bá rò pé òun lè fi nǹkan pamọ́ fún ọmọ ọdún 7 nínú ilé tí ọmọ náà ń já wọ̀ já jáde láti àárọ̀ dalẹ́, ẹni náà kò tíì fara balẹ̀ wo ọmọdé.

Bí a ṣe ń ti ìbọn mọ́lé

Ilé tí kò sí ìbọn rárá ni ewu rẹ̀ kéré jù fún ọmọ, ohun tí ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọmọdé ní Amẹ́ríkà sì ń sọ fún àwọn òbí nìyẹn. Fún ẹni tí iṣẹ́ tàbí ìdí mìíràn mú un ní dandan fún láti ní ìbọn, nǹkan mẹ́rin ni ìwádìí ti fi hàn pé ó ń dín ewu kù: kí ìbọn wà ní títì, kí ọta má sí nínú rẹ̀, kí ọta náà wà ní títì, kí ibi tí ọta wà sì yàtọ̀ sí ibi tí ìbọn wà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ní iṣẹ́ tó ń ṣe, ṣùgbọ́n ẹni tó ní ọmọ nílé kò ní ìdí kankan láti mú ọ̀kan kí ó fi mẹ́ta sílẹ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí yíyọ ọta, nítorí ibẹ̀ ni àṣìṣe tó burú jù ń fara pamọ́ sí. Ìbọn pélébé tó ń lo magasíìnì, ìyẹn àpò irin tí wọ́n ń to ọta sí tí wọ́n sì ń tì bọ inú ìdìmú ìbọn, lè ní ọta kan tó ti kúrò nínú magasíìnì, tó ti jókòó sínú ihò ìbọn, tó kàn ń dúró de ẹni tí yóò fa tírígà. Bí ẹ bá yọ magasíìnì nìkan, ìbọn náà yóò dà bí èyí tó ṣófo, àmọ́ ọ̀pọ̀ irú ìbọn bẹ́ẹ̀ ṣì lè yin ọta kan tó kù yẹn. Nítorí náà, ẹ kọjú ẹnu ìbọn sí ibi tí kò lè ṣe ènìyàn léṣe, ẹ mú ìka kúrò nídìí tírígà, ẹ yọ magasíìnì, lẹ́yìn náà kí ẹ fa irin òkè ìbọn sẹ́yìn pátápátá kí ọta tó wà nínú ihò lè fò jáde, kí ẹ sì dá irin náà dúró sí ẹ̀yìn níbẹ̀. Ẹ wo inú ihò náà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ẹ fi ìka kékeré kàn án láti mọ̀ pé kò sí nǹkan níbẹ̀ ní tòótọ́, kí ẹ sì tún un wò lẹ́ẹ̀kejì. Ètò yìí kò ṣeé yí padà: ẹni tó bá kọ́kọ́ fa irin òkè kí ó tó yọ magasíìnì yóò rí i pé ọta kan jáde, ọkàn rẹ̀ yóò balẹ̀, kò sì ní mọ̀ pé bí irin náà ṣe padà síwájú, ọta mìíràn ti gòkè láti inú magasíìnì, ó ti gba àyè ti àkọ́kọ́.

Ìbọn tó ní ilé ọta roboto tó ń yí, ẹ ṣí ilé ọta náà kí ẹ sì wo gbogbo ihò rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìbọn olójú méjì, ẹ ṣí i ní ìdí, kí ẹ wo ojú méjèèjì. Ẹni tí kò bá sì mọ bí wọ́n ṣe ń yọ ọta nínú ìbọn tó wà nílé rẹ̀ kò gbọdọ̀ dán an wò fúnra rẹ̀. Kí ó kó àwọn ọmọ kúrò nítòsí, kí ó sì ké sí ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Lẹ́yìn èyí ni títì. Sééfù irin tí a fi bóòtù kàn mọ́ ògiri tàbí ilẹ̀ ló dára jù, nítorí pé olè kò ní lè gbé e lọ bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ kò ní lè ṣí i. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò tíì ká sééfù lè lo okùn irin oní-kọ́kọ́rọ́, èyí tí wọ́n ń gbà kọjá láti inú ihò ìbọn kí wọ́n tó tì í, tí irin òkè ìbọn kò fi ní lè padà síwájú. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó jáde ní ọdún 2005 sọ ọ́ di dandan pé kí oníṣòwò ìbọn tó ní ìwé àṣẹ fi ohun ìtìpa kún ìbọn pélébé tó bá tà fún ará ìlú, ọ̀pọ̀ àgọ́ ọlọ́pàá níbẹ̀ sì ń pín irú okùn bẹ́ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Òfin náà kò sọ pé kí ẹni tó rà á lò ó, inú páálí ìbọn sì ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń gbé títí ayé. Ẹ tún mọ̀ pé okùn yìí kò dá olè dúró, nítorí náà ìbọn tí a fi okùn tì ṣì nílò ibi tí a ó tì í mọ́.

Òkè kọ́bọ́ọ̀dù kì í ṣe ibi ìtìpa. Ọmọ mọ bí a ṣe ń gun àga. Abẹ́ ìrọ̀rí, abẹ́ ibùsùn, inú báàgì ìyá, inú àpótí kékeré iwájú ọkọ̀, gbogbo wọn jẹ́ ibi ìpamọ́ lójú àgbà nìkan. Kọ́bọ́ọ̀dù onídígí burú ju gbogbo wọn lọ, nítorí ṣe ni ó ń pàtẹ ìbọn fún ọmọ kí ó lè máa wò ó lójoojúmọ́. Irin kékeré ara ìbọn tó ń dá tírígà dúró kì í ṣe àgádágodo, nítorí pé ìka kan péré ló ń ṣí i.

Àwọn kan sì gbà pé ìka ọmọ kékeré kò lè fa tírígà. Ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 1995 wọn agbára ìka àwọn ọmọdé, ó sì rí i pé bí ọmọ bá fi ìka méjì fà á pọ̀, ìpín 25 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ ọdún 3 sí 4, àti ìpín 70 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ ọdún 5 sí 6, ló lágbára tó láti fa tírígà ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ìbọn pélébé tó wà lórí àtẹ nígbà náà. Ọmọ kékeré kì í sì í di ìbọn mú bí àgbà; ó lè dojú rẹ̀ kọ ara rẹ̀ kí ó fi àtàǹpàkò méjèèjì ti tírígà.

Tí a bá ti tì í tán, ó kù sọ́wọ́ kọ́kọ́rọ́. Kí ó má ṣe wà lára ìṣó ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn níbi tí gbogbo kọ́kọ́rọ́ ilé wà, kí kọ́kọ́rọ́ ìbọn àti ti ọta má sì wà lórí òrùka kan náà, nítorí pé ẹni tó so wọ́n pọ̀ ti sọ àpótí méjì di ọ̀kan. Bó bá jẹ́ nọ́ńbà ni sééfù ń lò, ẹ má fi ọjọ́ ìbí ẹnikẹ́ni nínú ilé ṣe é, ẹ má sì tẹ̀ ẹ́ nígbà tí ọmọ dúró lẹ́yìn yín. Ọmọ tó lè ṣí fóònù yín ti fi hàn yín pé òun ń wo ìka yín. Kí ọkọ àti aya jọ mọ iye kọ́kọ́rọ́ tó wà àti ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn ló ni ìbọn náà.

Ohun tí àwọn onílé máa ń sọ sí èyí ni pé olè kò ní dúró kí àwọn wá kọ́kọ́rọ́. Mo gbọ́ ọ, ìbẹ̀rù náà kì í ṣe ìbẹ̀rù òmùgọ̀. Àwọn àpótí irin kéékèèké wà tí wọ́n ń kàn mọ́ ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, tí ìtẹ̀ka tàbí nọ́ńbà díẹ̀ ń ṣí láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Ẹni tó bá rò pé òun nílò ìbọn ní kíákíá, irú àpótí bẹ́ẹ̀ ni kí ó lò, kì í ṣe abẹ́ ìrọ̀rí. Kí ó sì máa dán an wò déédéé, nítorí bátìrì rẹ̀ a máa kú. Ọlọ́pàá, ọmọ ogun tàbí ẹ̀ṣọ́ tó ń gbé ìbọn lọ síbi iṣẹ́ ní láti mọ̀ pé ibi méjì péré ni ìbọn ní nínú ilé, ara rẹ̀ tàbí inú àpótí títì. Orí tábìlì kò sí nínú rẹ̀, “mo ń bọ̀ ní ìsinsìnyí” kò sí nínú rẹ̀. Ìgbà tó ti ibi iṣẹ́ dé tí ó rẹ̀ ẹ́, ìgbà tó bọ́ aṣọ láti wẹ̀, ìgbà tí àlejò kan ilẹ̀kùn, ìgbà tó ń nu ìbọn tí fóònù sì dún: àwọn àsìkò kéékèèké wọ̀nyí ni ìbọn ń já bọ́ sọ́wọ́ ọmọ. Nígbà tí ẹ bá ń nu ìbọn, ẹ gbé gbogbo ọta lọ sí yàrá mìíràn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Tí nǹkan bá pè yín dìde, ìbọn ni kí ẹ kọ́kọ́ tì mọ́lé.

Ohun tí a ó sọ fún ọmọ

Láti bí ọmọ bá ti pé ọdún 3 ni a ti lè kọ́ ọ ní ohun mẹ́rin tí ó gbọdọ̀ ṣe bí ó bá rí ìbọn níbikíbi: kí ó dúró, kí ó má fọwọ́ kàn án, kí ó kúrò níbẹ̀, kí ó sọ fún àgbà. Ẹ fi ṣeré pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ fi àwòrán ìbọn sí ilẹ̀, kí ọmọ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn kúrò níbẹ̀, kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, nítorí ohun tí ọmọdé fi ara ṣe máa ń pẹ́ lára rẹ̀ ju ohun tí ó fi etí gbọ́ lọ. Ẹ tún un ṣe lẹ́yìn oṣù díẹ̀, kí ẹ sì tún un ṣe lẹ́yìn ìgbà náà. Ẹ̀kọ́ yìí kò rọ́pò àgádágodo, gẹ́gẹ́ bí ìdánwò ọdún 2001 ṣe fi hàn, ṣùgbọ́n yóò wúlò níbi tí àgádágodo yín kò dé.

Nínú ìdánwò yẹn kan náà, nǹkan bí ìdajì àwọn ọmọ tó rí ìbọn náà ló rò pé ìbọn ìṣeré ni tàbí tí wọn kò mọ èyí tó jẹ́. Nítorí náà, ẹ má kọ́ ọmọ láti fi ojú dá ìbọn gidi mọ̀ yàtọ̀ sí ti ìṣeré. Ohun tí òun kò bá bá nínú ẹrù ìṣeré tirẹ̀, tó sì jọ ìbọn, ìbọn ni, kí ó wá pe àgbà. Ìbọn afẹ́fẹ́ pàápàá kì í ṣe ohun ìṣeré. Ó lè fọ́ ojú, ó sì ti pa ènìyàn rí, ibi tí ẹ tì ti gidi mọ́ ni kí ẹ tì í mọ́.

Bí ọmọ bá wá sọ pé òun rí ìbọn, ohùn tí ẹ fi dá a lóhùn ló máa sọ bóyá yóò tún sọ ọ́ nígbà mìíràn. Òbí tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo “Kí lo wá dé ibẹ̀?” ti kọ́ ọmọ náà pé kí ó máa dákẹ́. Ẹ yìn ín lákọ̀ọ́kọ́, ẹ bi í ní ibi tí ó ti rí i àti ẹni tí wọ́n jọ wà níbẹ̀, ìbáwí tó bá kù lè dúró. Kí ọmọ tó ti ń lọ sílé ìwé mọ̀ pẹ̀lú pé sísọ fún àgbà pé ẹnì kan gbé ìbọn wá sílé ìwé, tàbí pé ó ń fi àwòrán rẹ̀ hàn lórí fóònù, kì í ṣe òfófó.

Nílé ẹlòmíràn

Ọ̀pọ̀ òbí tó ti ti ìbọn tirẹ̀ mọ́lé, tàbí tí kò ní ìbọn rárá, kì í béèrè nípa ti ilé tí ọmọ ti ń lọ ṣeré. Ojú ń tì wọ́n ni. Ó sì ṣòro lóòótọ́ láti bi àgbà léèrè ohun tó wà nínú yàrá rẹ̀. Ohun tó ń mú un rọrùn ni kí ìbéèrè náà má dá dúró, kí ó wà láàárín àwọn ìbéèrè mìíràn tí òbí máa ń béèrè, kí ẹ sì béèrè rẹ̀ kí ọjọ́ ìbẹ̀wò tó pé, kì í ṣe ní ẹnu ọ̀nà níwájú ọmọ. Ẹ lè sọ pé: “Ẹ kú ilé o, Màmá Bọ́lá. Kí ọmọ wa tó wá lọ́la, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ní ajá? Ta ni yóò wà pẹ̀lú wọn? Ẹ má bínú o, gbogbo ilé tó ń lọ ni mo máa ń bi ní èyí: ṣé ìbọn wà nílé, ṣé ó sì wà ní títì?” Fún bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà, ẹ lè gbé e gba ọ̀nà ọmọ: “Bàbá, ẹ mọ̀ pé ọmọ yín yìí kì í jókòó, kò sì sí ibi tí kì í yọjú sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ti ìbọn yẹn mọ́lé kí á tó dé.” Ilé àwọn òbí wa àgbà gan-an ló yẹ kí a bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè náà láti ibẹ̀, nítorí pé ó ti pẹ́ tí ọmọdé ti gbé níbẹ̀ kẹ́yìn, tí ìbọn àtijọ́ sì lè wà ní igun ilé tí ẹnikẹ́ni kò rántí bóyá ọta wà nínú rẹ̀.

Bí ìdáhùn kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, kò di ìjà. Ẹ ní kí àwọn ọmọ wá ṣeré nílé tiyín.

Ọ̀dọ́langba tí ọkàn rẹ̀ bàjẹ́

Apá yìí ni àwọn òbí máa ń fò, ó sì wúwo ju ti àwọn ọmọ kéékèèké lọ. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 tó fi ìbọn gba ẹ̀mí ara wọn ní Amẹ́ríkà, ìbọn ẹnì kan nínú ìdílé wọn ni wọ́n lò. Ìrònú láti kú lè gbóná fún àsìkò kúkúrú kí ó sì rọ̀ padà, ọ̀pọ̀ ẹni tó sì la irú àsìkò bẹ́ẹ̀ já kì í padà sí i mọ́; ṣùgbọ́n ìbọn kì í sábà fún ènìyàn láàyè láti rònú lẹ́ẹ̀kejì. Ìdí nìyẹn tí ọ̀nà tó jìn láàárín ọmọ àti ìbọn ní àsìkò náà fi lè gba ẹ̀mí là.

Bí ọmọ bá fà sẹ́yìn kúrò lọ́dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, bí kò bá sùn mọ́, bí ó bá ń fi àwọn ohun tó fẹ́ràn tọrẹ, bí ó bá ń sọ pé òun jẹ́ ìnira fún ẹbí, ẹ má dúró títí ẹ ó fi rí ìdí rẹ̀. Ẹ gbé ìbọn kúrò nínú ilé náà pátápátá fún ìgbà díẹ̀: lọ́dọ̀ mọ̀lẹ́bí àgbà tí òfin gbà láàyè láti tọ́jú rẹ̀, ní àgọ́ ọlọ́pàá, tàbí lọ́dọ̀ oníṣòwò ìbọn tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Yíyí nọ́ńbà sééfù padà kò tó, nítorí ọ̀dọ́langba kì í ṣe ọmọ ọdún 4. Ó lè ti mọ nọ́ńbà náà, ó sì mọ ibi tí òòlù wà. Ẹ bi í ní gbangba bóyá ó ń ronú láti pa ara rẹ̀. Ìbéèrè náà kì í gbin èrò tí kò sí níbẹ̀ sí i lọ́kàn, ó máa ń jẹ́ kí ó mọ̀ pé ẹnì kan lè gbọ́ ọ, kí ẹ sì mú un lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn lọ́jọ́ náà gan-an, kì í ṣe lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ kọ́ ọmọ ní ìbọn yíyìn

Kì í ṣe dandan. Àwọn ìdílé kan wà tí ìbọn jẹ́ apá iṣẹ́ wọn tàbí eré ìdárayá wọn, tí òfin ibi tí wọ́n ń gbé sì fàyè gbà á fún ọmọ tó ti dàgbà díẹ̀ lábẹ́ ojú àgbà. Ẹ kọ́kọ́ wádìí òfin ibẹ̀. Ọjọ́ orí nìkan kò sì tó láti fi mọ̀ bóyá àkókò ti tó; ọmọ tí ẹ ní láti sọ ọ̀rọ̀ fún lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ó tó fi nǹkan sílẹ̀ kò tíì tó ẹni tí a ń fún ní ìbọn, ìbáà jẹ́ ọmọ ọdún 15.

Kí ó jẹ́ ibi ìdánrawò tó ní àṣẹ, kí àgbà kan dúró ti ọmọ kan ní ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ti lè kan án, kí ìbọn náà bá ara ọmọ mu, ọta kan ṣoṣo ni kí ẹ sì ki bọ̀ ọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀. Kí ọmọ ka gbogbo ìbọn sí èyí tó ní ọta. Kí ó má kọjú ẹnu rẹ̀ sí ohun tí kò fẹ́ pa run. Kí ìka rẹ̀ má dé ìdí tírígà títí yóò fi ṣe tán láti yìn ín. Kí ó mọ ohun tó wà lẹ́yìn ohun tó ń yìn. Ẹ dí etí rẹ̀ kí ẹ sì bo ojú rẹ̀, nítorí ìró ìbọn máa ń ju dẹ́síbẹ̀lì (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ariwo) 140 lọ, ìró kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀ sì lè ba etí jẹ́ títí láé. Òjé máa ń wà nínú èéfín àti eruku ìbọn, ó sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Kí ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ àti ojú kí ó tó jẹun, kí ó pààrọ̀ aṣọ, kí ẹ sì fọ aṣọ náà lọ́tọ̀. Bí ẹ bá padà délé, ìbọn padà sínú sééfù, kọ́kọ́rọ́ padà sọ́wọ́ àgbà. Mímọ ìbọn yìn kò sọ ọmọ di ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́.

Ohun tí òfin lè bi òbí

Florida ló kọ́kọ́ ṣe òfin ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1989, pé àgbà tó fi ìbọn tó ní ọta sí ibi tí ọwọ́ ọmọ lè dé ní ẹjọ́ láti jẹ́, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ sì ti tẹ̀lé e láti ìgbà náà. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọdún 2011, ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ẹni tó ni ìbọn afẹ́fẹ́ kọ̀ láti ṣe ohun tó yẹ kí ọwọ́ ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 má baà tẹ̀ ẹ́.

Ẹjọ́ tó mì àwọn òbí jù ni ti James àti Jennifer Crumbley ní ìpínlẹ̀ Michigan. Bàbá ra ìbọn pélébé fún ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ọdún 15 ní November 26, 2021. Ìyá mú un lọ síbi ìdánrawò lọ́jọ́ kejì. Ní àárọ̀ November 30, ilé ìwé pe àwọn òbí náà nítorí àwòrán ìbọn àti ọ̀rọ̀ ìbànújẹ́ tí ọmọ náà yà sórí ìwé iṣẹ́ rẹ̀. Wọn kò mú un lọ sílé, wọn kò sì sọ fún àwọn olùkọ́ pé ó ní ìbọn. Lọ́jọ́ náà gan-an ló pa akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin nílé ìwé girama Oxford, ní Michigan níbẹ̀. Ní ọdún 2024, ilé ẹjọ́ dá òbí méjèèjì lẹ́bi ìpànìyàn láìmọ̀ọ́mọ̀, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n sì rán ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 10 sí 15. Àwọn ni òbí àkọ́kọ́ tí wọ́n dá lẹ́bi báyìí ní Amẹ́ríkà nítorí pé ọmọ wọn yìnbọn pa àwọn ènìyàn nílé ìwé. Ní oṣù February ọdún 2024 kan náà ni òfin tuntun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Michigan pé níbikíbi tí ọmọdé bá lè wà, kí ìbọn wà nínú àpótí títì, tàbí kí ó wà láìsí ọta pẹ̀lú ohun ìtìpa lára rẹ̀.

Òfin yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn, nítorí náà ẹ lọ bi ilé iṣẹ́ ọlọ́pàá tàbí agbẹjọ́rò ní ohun mẹ́ta nípa ibi tí ẹ ń gbé: irú ìwé àṣẹ tí ìbọn yín gbọ́dọ̀ ní, bí òfin ṣe ní kí ẹ tọ́jú rẹ̀, àti iye wákàtí tí ẹ ní láti fi sọ fún wọn bí ó bá sọnù. Ẹ kọ nọ́ńbà ara ìbọn náà sínú ìwé kan tí kò sí nínú sééfù. Bí ẹ bá ṣí sééfù tí ẹ kò bá a níbẹ̀, ẹ má fi ọjọ́ méjì bi ara yín léèrè bóyá ọmọ ló mú un. Ẹ pe ilé ìwé rẹ̀, kí ẹ pe ọlọ́pàá, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú ilé. Ìbọn tí ẹ jogún, tí ẹ kò fẹ́, tí ẹ kò sì ní ìwé àṣẹ rẹ̀, ẹ má gbé e rìn lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá: ẹ ti yàrá tó wà mọ́ ọn, kí ẹ pè wọ́n láti wá gbé e.